Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò: Ọkùnrin Lórí Kẹ̀kẹ́ Obìnrin, Láti Ojú Ọ̀nà Pẹrẹsẹ Dé Orí Òkè

Ọjọ́ Kìíní. Ojú ọ̀nà pẹrẹsẹ, kìlómítà 38

Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni a gbé jáde, ọkùnrin ló sì ń gun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irú èyí tí àwọn oníṣòwò ti ń tà fún obìnrin láti ọjọ́ pípẹ́ ni gbogbo wọn: irin ìdábùú tó máa ń so ọrùn kẹ̀kẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó kò sí lókè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n fà á sí, kí ẹsẹ̀ lè gba àárín kọjá. Àkọ́kọ́ ni kẹ̀kẹ́ dúdú irú ti àwọn ará Netherlands. Irin gidi ni, ó wúwo tó kìlógíráàmù 20, irin rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ láti ọrùn wá sí ibi pẹ́dàlì, ṣéènì rẹ̀ wà nínú àpótí, gíà mẹ́ta irú ti ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ló sì wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn àárín táyà ẹ̀yìn. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní mixte: irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gbéra láti ọrùn, wọ́n gba ọ̀tún àti òsì irin ìjókòó kọjá, wọ́n sì lọ tààrà dé ibi tí táyà ẹ̀yìn ti dè mọ́ férémù. Ẹ̀kẹta jẹ́ alumíníọ́mù, irin kan ṣoṣo tó nípọn ló gbé e ró, ó lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní gíà méje irú ti Shimano Nexus, ó sì ní bíréèkì ẹlẹ́sẹ̀, èyí tó máa ń mú bí èèyàn bá wa pẹ́dàlì sẹ́yìn.

Gíga ni ìṣòro tí ọkùnrin kọ́kọ́ máa ń bá pàdé lórí irú kẹ̀kẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ férémù tí wọ́n ṣe fún obìnrin kúrú, bí ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bá sì gùn ún bó ṣe wá láti ilé iṣẹ́, orúnkún rẹ̀ á máa ká jù, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ láìjẹ́ pé ìdí yí sápá kan. Bí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé e bó ṣe yẹ, orúnkún á ká díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà, kó wọn gígùn abẹ́ ìdí rẹ̀ dé ilẹ̀ láìwọ bàtà, kó fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni gíga láti àárín ibi tí apá pẹ́dàlì ti ń yí dé orí ìjókòó. Sẹ̀ǹtímítà 86 á fún un ní nǹkan bíi 76.

Orí kẹ̀kẹ́ dúdú, a ní láti fa ọ̀pá ìjókòó sókè kọjá ìlà tí wọ́n fín sí i lára kí a tó dé ibẹ̀. Ìlà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lára kẹ̀kẹ́ tó ní irin ìdábùú, irin òkè wà nítòsí láti gba agbára tó ń tẹ ọ̀pá náà sẹ́yìn. Lára tiwa yìí, irin ìjókòó nìkan ló dá dúró lókè, bí ọ̀pá kò bá wọlé tó, ẹnu irin náà ló máa là tàbí kó tẹ̀. Ọ̀pá tuntun tó gùn ní mílímítà 350 la fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá àtijọ́ kí ẹ tó ra òmíràn, irú bíi 25.4 tàbí 27.2. Bí ó bá fi mílímítà 0.2 péré tín-ín-rín jù, yóò máa yọ̀ wálẹ̀, bí ẹ bá sì fi sípánà fún un jù kó má bàa yọ̀, ẹ ó ba ẹnu irin jẹ́.

Férémù kúkúrú máa ń mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sún mọ́ ara jù, orúnkún á máa kàn án bí èèyàn bá yà. Ẹ sún ìjókòó sẹ́yìn lórí ọ̀nà irin rẹ̀, tàbí kí ẹ wá ọrùn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun náà ní ìlà tirẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ yọ síta.

Ìjókòó tó fẹ̀ tí wọ́n kọ “ti obìnrin” sí ńkọ́? Ẹ má kánjú yọ ọ́. Bí èèyàn ṣe jókòó ló ń sọ bí ìjókòó yóò ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó bá nàró, ọkùnrin ni o obìnrin ni o, egungun ìdí rẹ̀ méjèèjì ló ń gbé ìwúwo rẹ̀, ó sì nílò ibi tó fẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú ló nílò èyí tó tín-ín-rín. Orí mixte tí ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nìkan la ti pààrọ̀ tiwa.

Ọjọ́ Kejì. Ẹrù, kìlómítà 52

Ẹrù ló ń fi iyì kẹ̀kẹ́ yìí hàn, òun náà ló sì ń tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi iyì. Àpótí wà lórí ìgbẹ́rù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ dúdú, àpò ẹ̀gbẹ́ méjì sì rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ká ní kẹ̀kẹ́ onírin ìdábùú ni, ẹni tó fẹ́ gùn ún á ní láti ta ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kọjá àpótí náà, ibẹ̀ sì ni kẹ̀kẹ́ tó rù dáadáa ti máa ń ṣubú lu èèyàn. Lórí èyí, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ di bíréèkì méjèèjì mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún gba àárín kọjá, ẹ fi lé pẹ́dàlì ọ̀tún tó ti wà lókè díẹ̀ níwájú, ẹ tú bíréèkì, ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Kíkọ́ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ yọ́ kúrò lórí ìjókòó síwájú, ẹsẹ̀ méjèèjì á balẹ̀, ìdí kò ní kan irin kankan. Ọkùnrin tí irin ìdábùú ti gbá lábẹ́ rí mọ ohun tí gbólóhùn yìí túmọ̀ sí. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: gìgísẹ̀ máa ń kọ́ àpótí ṣéènì bí a bá gbé e kọjá láìga tó, kẹ̀kẹ́ tó rù á sì tẹ̀ lójijì. Ẹ gbé orúnkún sókè dáadáa.

Ní ti àṣírí: férémù onírin ìdábùú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ onígun mẹ́ta lójú, onígun mẹ́ta kì í sì í yí padà àfi bí irin kan bá ṣẹ́. Bí a bá ti fa irin òkè wálẹ̀, ọrùn kẹ̀kẹ́ àti irin ìjókòó á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. Bí ẹrù ẹ̀yìn bá ṣe wúwo tó ni lílọ́ náà ṣe ń pọ̀ tó.

Lórí ìdagẹ̀rẹ̀ kékeré kan, nígbà tí ìsáré tó nǹkan bíi kìlómítà 30 ní wákàtí kan, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń pọ̀ sí i. Ohun tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ mọ̀ fún irú ìgbọ̀n yìí ni pé kí èèyàn fi orúnkún fún irin ìdábùú pinpin. Níbí, kò sí irin tí orúnkún yóò fún. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó kí ìwúwo yín bọ́ sórí pẹ́dàlì, kí ẹ má ṣe di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gírígírí, kí ẹ sì fi bíréèkì ẹ̀yìn dín ìsáré kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù tẹ bíréèkì iwájú lójijì á mú kó burú sí i.

A dúró láti wá ìdí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló parapọ̀. Àpótí wà lẹ́yìn jù, ohun tó wúwo jù sì wà lókè nínú rẹ̀. Bẹ́ríìnì ọrùn ti tú díẹ̀: ẹ di bíréèkì iwájú mú, ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn, bí ẹ bá gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ ní ọrùn, ó ti tú nìyẹn. Ìkẹta, atẹ́gùn táyà ẹ̀yìn ti lọ sílẹ̀. A kó nǹkan bíi kìlógíráàmù 6 sínú àpò méjì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, a sún àpótí mọ́ ìjókòó, a kó irinṣẹ́ àti omi sísàlẹ̀ àpò ẹ̀gbẹ́, a fún ọrùn, a sì fún táyà ní atẹ́gùn padà. Ìgbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Mixte tó gbé ẹrù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tirẹ̀ kò gbọ̀n rárá, torí pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ méjì so ọrùn mọ́ ibi tí táyà ẹ̀yìn wà ní tààrà. Bí ọkùnrin bá mọ̀ pé ẹrù ni òun fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ òun gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn, mixte ni kó wá. Lójú tiwa, òun ló dára jù nínú àwọn kẹ̀kẹ́ tí irin wọn kò ga.

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ìgbẹ́rù pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ 25 sí lára, kìlógíráàmù 25 nìyẹn, ó sì ka àpò ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Ààbò aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ṣe nítorí yẹ̀rì, ẹ má yọ ọ́ sọ nù. Òun ni kì í jẹ́ kí okùn àpò wọ inú sípóòkù.

Ọjọ́ Kẹta. Òkè, kìlómítà 31

Òkè pọ̀ lónìí. Férémù tó ń lọ́ kì í fẹ́ kí èèyàn dìde dúró lórí pẹ́dàlì: ẹ ó gbọ́ tí ṣéènì ń ha àpótí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ jókòó, kí ẹ lo gíà kékeré. Ìyẹn gba pé kí gíà náà kéré tó.

Kẹ̀kẹ́ dúdú wá pẹ̀lú àwo eléyín 44 níwájú àti 18 lẹ́yìn. Gíà kìíní Sturmey-Archer onímẹ́ta máa ń dín yíyí kù sí 75 nínú 100, ìkejì á fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ìkẹta á fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Nítorí náà, ní gíà kìíní, bí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà á yí lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ àti díẹ̀, 1.83, kẹ̀kẹ́ á sì sún síwájú ní mítà 4. Ìyẹn ti le jù fún ẹni tó di ẹrù lórí òkè. A pààrọ̀ àwo ẹ̀yìn sí eléyín 22, ó sì di mítà 3.3.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ tú táyà ẹ̀yìn sílẹ̀. Òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló di àwo eléyín mú. Ẹ fi sikurúdáfà pẹlẹbẹ tì í láti ẹnu rẹ̀, ẹ fi aṣọ bò ó kó má bàa ta sí ojú. Àwo náà á jáde, ẹ fi tuntun sí i kí etí rẹ̀ mẹ́ta wọ ihò mẹ́ta tó wà lára họ́ọ̀bù, ẹ sì dá òrùka padà. Eyín mẹ́rin tó lé gba pé kí ṣéènì fi ojú méjì gùn sí i. Ẹ rí i dájú ṣáájú pé àwo 22 kò ní kan inú àpótí ṣéènì. Ẹ má sì fi àwo tó tóbi ju èyí lọ sí i láìwo ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe họ́ọ̀bù fàyè gbà, torí bí gíà bá ṣe kéré tó ni agbára ẹsẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó lórí eyín inú họ́ọ̀bù.

Ohun kan wà tó léwu nínú gíà yìí. Bí okùn rẹ̀ bá tú, ibì kan wà láàárín gíà kejì àti ìkẹta tí pẹ́dàlì kì í ti í mú nǹkan kan, ẹsẹ̀ á kàn já lófìfo. Lórí kẹ̀kẹ́ onírin ìdábùú, orí irin ni ọkùnrin máa bọ́ sí. Níbí, ẹsẹ̀ ló máa balẹ̀. Síbẹ̀, ẹ tún un ṣe: ẹ fi sí gíà kejì, ẹ wo ihò ara nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ yí okùn títí ẹnu ọ̀pá kékeré tó so mọ́ ṣéènì kékeré inú rẹ̀ á fi ba ẹnu áṣù, ìyẹn ọ̀pá àárín táyà, dọ́gba. Ti Nexus oníméje rọrùn ju ìyẹn lọ: ẹ fi sí gíà kẹrin, ẹ jẹ́ kí ìlà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀bù bára mu. Lórí méjèèjì, ẹ dá ẹsẹ̀ dúró díẹ̀ bí ẹ bá ń pààrọ̀ gíà.

Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, bíréèkì ẹlẹ́sẹ̀ lára alumíníọ́mù gbóná débi pé òórùn gírísì tó ń jó ń jáde. Họ́ọ̀bù ni gbogbo ooru náà ń wọ̀, kò sì ní ibi tó ń gbà jáde kíákíá. Ẹ máa fi bíréèkì iwájú ràn án lọ́wọ́, ẹ tẹ èyí ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ tú u, ẹ tẹ ìkejì. Bí òórùn bá ti jáde, ẹ dúró kó tutù. Ẹ má da omi sí i.

Ọjọ́ Kẹrin. Òjò, kìlómítà 24

Òjò kò dá. Àpótí ṣéènì gba ara rẹ̀ là lónìí: ṣéènì kẹ̀kẹ́ dúdú gbẹ, ti mixte tó wà ní ìta sì ti ń dún kí ó tó di ọ̀sán. Sòkòtò kò dọ̀tí, kò sì sí pé à ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè.

Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ dúdú gún, ibẹ̀ ni àpótí náà ti di wàhálà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ yọ táyà náà á kọ́kọ́ tú àpótí, ìgbẹ́rù, okùn gíà àti bíréèkì. A kì í yọ ọ́. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ dúró lórí sitáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì rẹ̀, kí ẹ rọra yí táyà títí ẹ ó fi rí ohun tó gún un. Ẹ fi àmì síbẹ̀. Ẹ tú gbogbo atẹ́gùn, ẹ fi ìwọ́ táyà wọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan jáde, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí kò sí ṣéènì, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 láti ibi tí ó gún. Ẹ fa túúbù jáde níbẹ̀, ẹ fún un ní atẹ́gùn díẹ̀, ẹ gbọ́ ibi tó ti ń jò. Ẹ nu ún gbẹ pátápátá, nínú òjò èyí ló ṣe pàtàkì jù, kí ẹnì kan na aṣọ òjò bò yín. Ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 5 títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ẹ tó wá lẹ páàṣì. Àwọn tó ń kánjú lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù ni tiwọn máa ń ṣí. Ẹ fi ìka wá inú táyà fún ẹ̀gún kí ẹ tó dá a padà.

Bí ẹ bá ní láti ra túúbù, ẹ ka nọ́ńbà ara táyà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé “ínǹṣì 28” nìkan. Kẹ̀kẹ́ dúdú jẹ́ 40-635, àwọn méjì yòókù jẹ́ 37-622. Orí táyà méjèèjì ni wọ́n kọ 28 sí, ṣùgbọ́n rímù 635 fi mílímítà 13 tóbi ju 622 lọ. Túúbù lè wọ méjèèjì, táyà kò lè wọ̀ láéláé.

Ọjọ́ Karùn-ún. Ọkọ̀ ojú irin àti àtẹ̀gùn, kìlómítà 9

Ibi tí kẹ̀kẹ́ yìí ti kùnà pátápátá rèé. Kò sí irin tí èèyàn lè fi lé èjìká, kò sì sí ibi ìdìmú tó bá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba. Ẹ kó ẹrù sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di irin ìjókòó mú nísàlẹ̀, lókè pẹ́dàlì, ẹ fi ìkejì di irin tó lọ sí ọrùn mú, kí táyà iwájú kọjú sókè àtẹ̀gùn. Ẹ má di ìgbẹ́rù tàbí ọ̀wọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ mixte mú gbé e. Mixte nìkan ni ẹnì kan lè dá gbé láìsinmi.

Ìgbékẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń fi apá méjì gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ kò lè gbé irú èyí. Irin àfikún kan wà tí wọ́n máa ń kọ́ sí ọ̀pá ìjókòó àti ọrùn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láti dípò irin ìdábùú. Ẹ wo ìwúwo tó lè gbà, torí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí irin rẹ̀ wà nísàlẹ̀ máa ń ju agbára rẹ̀ lọ.

Omi mímu: àyè ìgo kì í sábà sí. Orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí ara fóòkù ni ká so ó mọ́.

Ọjọ́ Kẹfà. Wíwọ ìlú, kìlómítà 17

Dúró, gbéra, dúró, gbéra. Iná ojú pópó ni ibi tí kẹ̀kẹ́ yìí ti ju ti ọkùnrin lọ. Ẹni tí orúnkún tàbí ìbàdí rẹ̀ le mọ̀ ọ́n lára ṣáájú kó tó rò ó.

Àwọn kan ṣì ń bi ọkùnrin tó gun irú rẹ̀ bóyá ti ìyàwó rẹ̀ ni. Ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Lẹ́yìn tí John Kemp Starley, oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní 1885, kò pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ fi fa irin òkè wálẹ̀ kí obìnrin tó wọ yẹ̀rì gígùn lè gùn ún. Aṣọ ló bí i, kì í ṣe ara. Nígbà tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Annie Londonderry gbéra ní 1894 láti yí ayé ká, kẹ̀kẹ́ obìnrin ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wúwo fún un, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ sí ti ọkùnrin ní Chicago. Wọn kò gba kẹ̀kẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀. Lónìí, nígbà tí ìlú bá ní láti ra kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn yóò máa yá gùn, tọkùnrin tobìnrin, èyí tí irin rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rà: Vélib’ ti Paris láti 2007, ti London láti 2010, Citi Bike ti New York láti 2013. Ọkùnrin tó wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́ ń gùn wọ́n lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí a ti sọ ẹrù kalẹ̀, a fi aṣọ nu férémù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí irin ìsàlẹ̀ ti pàdé irin ìjókòó. Ibẹ̀ ni lílọ́ ń parí sí, ibẹ̀ náà ni ìsán ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ìlà tín-ín-rín nínú ọ̀dà, tàbí ìpẹtà tó tò ní ìlà kan ṣoṣo láìtàn káàkiri. Bí ẹ bá rí i lára irin gidi, alurinmọ́rin tó mọ férémù kẹ̀kẹ́ lè tún un ṣe. Bí alumíníọ́mù bá sán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó o pọ̀, torí ooru yẹn máa ń sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó di rírọ̀. Ẹ pa férémù náà tì. Tiwa kò sán. Bóòtù ìgbẹ́rù méjì ti tú lára kẹ̀kẹ́ dúdú, a fún wọn padà, a sì fi gírísì díẹ̀ sí ọ̀pá ìjókòó kó má bàa lẹ̀ mọ́ irin.